Kí June 12 Tó Dé, A Ti Ní Tiwa: Àkókò Ìbò ní Bantè àti Savalou

Nígbàkúgbà tí ọ̀rọ̀ ìbò bá délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, June 12 ni ẹ̀yin ará Nàìjíríà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbò oṣù kẹfà ọdún 1993, tí MKO Abíọ́lá ń mókè nínú rẹ̀, tí ìjọba ológun Babangida sì fagi lé, kò ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ará Benin kì í sábà sọ fún yín ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ọdún 25 gbáko ṣáájú tiyín. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1968 ni. Dahomey ni ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Wọ́n dìbò, wọ́n kà á, ẹnì kan wọlé, àwọn ológun ní kò wọlé.

A fẹ́ sọ ìtàn yẹn lónìí, ṣùgbọ́n a ò ní jókòó sí Kútọnu sọ ọ́. Bantè àti Savalou ni a ó ti máa wò ó, nítorí ibẹ̀ ni à ń gbé, ibẹ̀ la sì ti ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí, bó bá ti gúúsù bọ̀ tó dé Ìdàáṣà, kó yà sápá òsì. Savalou ni yóò kọ́kọ́ kàn. Bó bá tún tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Djougou, yóò dé Bantè. Àwọn Mahi ló pọ̀ jù ní Savalou, Gbaguidi sì ni orúkọ oyè ọba wọn, ṣùgbọ́n ẹ gba ìhà Tchetti lọ, kí ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Ifẹ̀. Ní Bantè, Ìṣà ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ. Tí ìbò ilé aṣòfin bá dé, ìjọba á kó Bantè, Savalou àti Ìdàáṣà pọ̀ sínú agbègbè ìdìbò kan ṣoṣo, ìkẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ dépítè níbẹ̀ ní láti mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn ní èdè mẹ́ta, ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ṣi ìkíni ọ̀kan gbé fún èkejì.

Àkókò ìbò ní ohùn tirẹ̀ ní ìlú wa. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lórí ló máa ń jí wa láàárọ̀. Orin á máa lọ, ọ̀rọ̀ Faransé á tẹ̀ lé e, ẹnì kan á wá gba ẹ̀rọ náà, á tú u sí Mahi tàbí Ìṣà. Àwa tíṣà, tí a gbọ́ méjèèjì, a máa ń rẹ́rìn-ín sínú: nígbà mìíràn ògbufọ̀ ti ṣèlérí kànga méjì tí ọ̀gá rẹ̀ kò mẹ́nu bà rárá. Àwọn ọlọ́kadà wa, zémìjàn, á rí epo bù sínú ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ ìpàdé ńlá. Òfin ní kí olùdíje má fún olùdìbò ní ẹ̀bùn, gbogbo ènìyàn sì mọ òfin náà. Àti ẹ̀wù! Ẹ̀wù ìpolongo kì í tètè kú. Ìbò á parí, ẹni tó wọlé á wọlé, ẹ̀wù náà á bọ́ sí oko. Ẹ lè rí ẹni tó ń kọ ebè iṣu tí àwòrán olùdíje kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òógùn ti pa ojú ọkùnrin náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n ohùn wà tí ẹ ò ní gbọ́ mọ́. Ní ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta àkàsà, níbi tí a ti máa ń jókòó jiyàn lórí ohun gbogbo, àríyànjiyàn á dákẹ́. Àna méjì tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà á máa sọ̀rọ̀ òjò. Wọn kò bínú síra wọn o. Wọ́n mọ̀ pé ìbò á lọ, àna ò ní lọ.

Kajú tún wà níbẹ̀. Láti 1991 títí dé 2016, oṣù kẹta ni gbogbo ìbò ààrẹ wa bọ́ sí, ti 2021 sì bọ́ sí oṣù kẹrin. Àkókò yẹn gan-an ni kajú ń jábọ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ní oko kajú mọ̀ pé bí a kò bá ṣa á lónìí, ẹlòmíràn lè bá wa ṣa á lọ́la. Nítorí náà, láti wá dìbò, olóko ní láti fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi. Àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ ìbò ní Kútọnu kò ronú kan èyí rí, lójú tiwa.

Kíláàsì wa ni àpótí ìbò máa ń sùn sí. Wọ́n á lẹ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ògiri, wọ́n á ti bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ta aṣọ sí igun kan kí ojú má baà tó ẹni tó ń tẹ̀ka. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí àpótí níṣojú gbogbo ènìyàn, wọ́n á máa gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fa ìlà sójú pátákó. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ padà, àwọn ọmọ á bá ìlà wọ̀nyẹn, wọ́n á sì kà á. Wọ́n á bi wá léèrè. Ìbéèrè wọn ló jẹ́ ká máa wá ìtàn yìí kiri.

Kò yani lẹ́nu pé ilé ìwé ni ìbò ń gbé. Òun àti ìwé Faransé jọ wọ ìlú wa ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, nígbà tí Dahomey àti Togo kọ́kọ́ yan aṣojú sí Paris, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ìbò sí: ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìlú Faransé, wọ́n yan Fadá Francis Aupiais, èkejì fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú Faransé, wọ́n yan Sourou Migan Apithy ti Àjàṣẹ́. Àwọn mélòó kan ló lè dìbò nínú tiwa: olóyè, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ti jagun fún Faransé, ẹni tó mọ̀wé. Àgbẹ̀ oníṣu ní Pira tàbí Gouka kò sí níbẹ̀.

Ọdún 1951 ni ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀ sí i. Ẹ gbọ́ ọ̀nà tó gbà ṣí. Òfin oṣù karùn-ún ọdún náà gba àwọn baálé ilé wọlé, ó sì gba obìnrin tó bá ti bí ọmọ méjì. Ọmọ méjì o! Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà láàyè tàbí kí wọ́n ti kú fún ilẹ̀ Faransé. Obìnrin tó bí ẹyọ kan, tàbí tí àìsàn pa ọmọ rẹ̀, kò ní ìbò. Nígbà tí a ka èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, wọ́n rò pé àwàdà ni à ń ṣe. Ó di ọdún 1956, nígbà tí òfin tí wọ́n ń pè ní loi-cadre jáde, kí àgbà gbogbo, ọkùnrin àti obìnrin, tó ní ìbò kọ̀ọ̀kan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ka ọmọ wọn.

Lẹ́yìn náà ni òmìnira dé, 1 oṣù kẹjọ 1960. Ọkùnrin mẹ́ta ló pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́: Hubert Maga ní àríwá, Apithy ní Àjàṣẹ́, Justin Ahomadégbé ní Agbómẹ̀. Àwa ará òkè àárín yìí, ojú ọ̀nà ni wọ́n kà wá sí. Ní oṣù kejìlá 1960, ẹgbẹ́ Maga àti Apithy borí, wọ́n sì kó gbogbo ìjókòó 60 tó wà nílé aṣòfin. Ẹgbẹ́ Ahomadégbé, tí ọ̀pọ̀ dìbò fún, kò rí ẹyọ kan. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ológun fi wọlé. Láti ìgbà náà, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde.

Èyí ló gbé wa dé 1968.

Ní oṣù kejìlá 1967, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun, tí Kouandété ṣíwájú wọn, lé Ọ̀gágun Christophe Soglo kúrò, wọ́n sì fi Alphonse Alley ṣe olórí. Wọ́n ní àwọn kò ní pẹ́ lórí oyè. Wọ́n kọ òfin ilẹ̀ tuntun, aráàlú dìbò gbà á ní 31 oṣù kẹta 1968. Ó ku ìbò ààrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Maga, Apithy àti Ahomadégbé kò gbọ́dọ̀ díje. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn odi, wọ́n sì ránṣẹ́ sílé pé kí àwọn ènìyàn wọn má jáde.

Àwọn tó wá díje kì í ṣe ènìyàn lásán. Paul Hazoumé wà lára wọn, tíṣà bíi tiwa, ẹni tó kọ Doguicimi. Dókítà Basile Adjou Moumouni náà wà níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìlera àgbáyé ní Brazzaville. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n ní abúlé? Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lọ́dún náà, àwọn olùdìbò kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fi òòbẹ̀ ṣe é. Nínú 100 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, nǹkan bíi 26 ló jáde. Nínú àwọn tó jáde yìí, 84 nínú 100 dìbò fún Adjou Moumouni.

Àwọn ológun wo iye náà, wọ́n ní ó kéré jù, wọ́n fagi lé ìbò. Ní oṣù keje, wọ́n mú dókítà mìíràn, Émile Derlin Zinsou, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n sì ní kí aráàlú wá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní 28 oṣù náà. Aráàlú sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kan àtààbọ̀ kò pé tí àwọn ológun kan náà fi lé òun náà lọ.

Ibí yìí ni tiwa ti yàtọ̀ sí June 12. Ní 1993, ẹ jáde, wọ́n sì da ìbò yín nù. Ní 1968, àwa kò jáde. Jíjókòó sílé jẹ́ ìdáhùn, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí àǹfààní ara rẹ̀, bí ògbufọ̀ orí ọkọ̀ wa yẹn. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ kí ológun yan olùdíje fún òun, ológun wá fi àìjáde rẹ̀ yan ààrẹ fún un. Ojú wa kì í kúrò lára èyí. Bí wọ́n ṣe sọ fún Adjou Moumouni pé ènìyàn rẹ kò tó, kò dára. Òun kọ́ ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.

Ìbò 1970 tún burú sí i. Agbègbè kan á dì tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, òmíràn á dì tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti 9 títí dé 31 oṣù kẹta. Ẹ rò ó wò: ẹ ti mọ ohun tí aládùúgbò yín dì kí ẹ tó dì tiyín. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Kó tó kan Atacora, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Wọ́n wá pín àga fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà bí ẹni pín ẹran: ọdún méjì fún Maga, ọdún méjì fún Ahomadégbé, ọdún méjì fún Apithy. Maga jẹ tirẹ̀ tán, Ahomadégbé gbà á ní oṣù karùn-ún 1972. Ní 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, Mathieu Kérékou dé. Ti Apithy kò kàn mọ́ láéláé.

Ìgbà Kérékou àkọ́kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ kan ló wà. Ní 1979, ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ ènìyàn 336 wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú aráàlú: ẹ gbà á tàbí ẹ kọ̀ ọ́. Àwa tí a bí ní àsìkò náà, orin Ehuzu ni a kọ ní ilé ìwé, a rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ó di oṣù kejì 1990, nígbà tí nǹkan bíi 500 aṣojú jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ń darí wọn, tí rédíò sì ń gbé e jáde bó ṣe ń lọ. Òfin ilẹ̀ tuntun tẹ̀ lé e lọ́dún náà: ọdún márùn-ún fún ààrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ní oṣù kẹta 1991, Nicéphore Soglo fi ìbò lé Kérékou kúrò. Ní 1996, Kérékou náà fi ìbò lé Soglo. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti rí 1968 kò gbà á gbọ́ pé ìwé lásán lè ṣe èyí láìsí ìbọn.

Ọdún bíi 28 ni a fi gbà á gbọ́.

Ní 28 oṣù kẹrin 2019, ìbò ilé aṣòfin dé. Owó tí ẹgbẹ́ ní láti fi sílẹ̀ kó tó lè díje ti kúrò ní mílíọ̀nù 8 fránkì àti díẹ̀, ó ti di mílíọ̀nù 249. Ìwé ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹgbẹ́ méjì ló kù lórí ìwé ìbò, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ilẹ̀ kéde pé ó jáde jẹ́ nǹkan bíi 27 nínú 100. Ẹ fi wé 26 ti 1968. Àwọn tí a kọ́ ní ìwé ìtàn kò sọ fún ara wọn pé ẹ jẹ́ ká ṣe bíi ti àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní iye náà kéré jù. Wọ́n kún àga 83 náà pátápátá.

Àga 83 yẹn ló wá bí 2021. Òfin tuntun ní ẹni tó bá fẹ́ díje fún ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ rí dépítè tàbí mẹ́ẹ̀rì 16 tí yóò fọwọ́ sí i. Ibo ni alátakò yóò ti rí 16 nígbà tí kò sí ẹnì kan nílé aṣòfin tó jẹ́ tirẹ̀? Ohun kejì ni ọjọ́. Talon gba ipò ní 6 oṣù kẹrin 2016. Ní kíkà tiwa, ọdún márùn-ún rẹ̀ pé ní 5 oṣù kẹrin 2021, ṣùgbọ́n àtúnṣe òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2019 sún un dé 23 oṣù karùn-ún. Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún pé, àwọn ọ̀dọ́ dí ọ̀nà ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ní Bantè lọ́dọ̀ wa. Ní 8 oṣù kẹrin, àwọn ológun wá ṣí ọ̀nà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tìbọntìbọn, ẹ̀mí sì bọ́. Ní 11, tí í ṣe ọjọ́ ìbò, àwọn ibì kan wà ní àárín ilẹ̀ àti ní àríwá tí ìwé ìbò kò dé.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbóríyìn fún àwọn tó dí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí lójú ẹni tó wà níbẹ̀. Ìgbà kajú ni. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ kò lè kọjá. Ìyá tó ra iṣu jọ láti gbé e lọ sí Kútọnu ń wò ó bó ṣe ń bàjẹ́. Ẹni tó ń rọbí ní abúlé ń wá ọ̀nà tí zémìjàn lè gbà. Igi tí wọ́n gbé dí ọ̀nà, Kútọnu kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní gbà pé oníwàhálà ni ará Bantè, bí àwọn kan ṣe ń sọ ní gúúsù. Ẹni tó ti jókòó sílé ní 2019, tí wọ́n ṣe bí ẹni pé ó jáde, kí ni wọ́n fẹ́ kó tún fi sọ̀rọ̀? Àwọn méjèèjì jẹ́ òtítọ́ lójú wa, a kò sì mọ bí a ṣe lè fi ọ̀kan pa èkejì.

Ní 8 oṣù kìíní 2023, ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates padà sórí ìwé ìbò, wọ́n sì mú àga 28 nínú 109. Àwọn tó jáde ju ti 2019 lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tó 40 nínú 100. Àga 24 wà tí òfin yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa béèrè bóyá ẹni tó máa jókòó sí i gbọ́dọ̀ ti bí ọmọ méjì.

Iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ohun tó wà nínú ìwé nípa 1968, Faransé ni, Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Agbómẹ̀ ló sì sọ púpọ̀ jù. A kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bantè, ní Akpassi, ní Tchetti tàbí ní Savalou lọ́jọ́ náà: ta ló wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má jáde, ní èdè wo, kí sì ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ Sunday yẹn dípò ìbò? Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin báyìí. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà yín bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, yálà Ìbàdàn ló ń gbé tàbí Atakpamé, ẹ bi í. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù yín.